Oríṣìíríṣìí Ilẹ̀ àti Ẹsẹ̀ Agbábọ́ọ̀lù

Bí oòrùn bá ti ń wọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, pàápàá ní ọjọ́ ìsinmi, agbára káká ni ènìyàn fi lè la àdúgbò kan kọjá ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ kí ó má gbọ́ ariwo àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbá a kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní Ẹgbẹ́dá, títì ọlọ́dà ni ọ̀pọ̀ wọn sọ di pápá: òkúta méjì níhìn-ín, òkúta méjì lọ́hùn-ún, góòlù dé. Ní Ìgàndó, àwọn òpópónà kan wà tí yanrìn bò, tí ẹsẹ̀ ń rì nínú wọn títí dé kókósẹ̀. Ní Ìkòtún àti Ìdímù, ilẹ̀ pupa ni ó pọ̀, èyí tí ó máa ń le bí àpáta ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó sì máa ń yọ̀ bí ilá nígbà tí òjò bá rọ̀. Ọgbà ilé-ìwé kan lè ní koríko díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí àárín rẹ̀ sì pá bí orí àgbàlagbà. Ọmọ tí ó bá gbá bọ́ọ̀lù káàkiri agbègbè yìí fún ọdún márùn-ún yóò ti fi ẹsẹ̀ kan oríṣìíríṣìí ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọ olówó tí ń kọ́ bọ́ọ̀lù lórí pápá kan ṣoṣo kò mọ̀ rí.

Ẹni tí ó bá wò wọ́n lókèèrè lè káàánú wọn. Àánú náà kò ṣàìní ìdí. Nígbà tí a ka àwọn ènìyàn Nàìjíríà ní ọdún 2006, 1,277,714 ni a kà ní Alímọ̀ṣọ́ nìkan, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìkànìyàn náà. Ibi tí ènìyàn bá pọ̀ tó báyìí, ilé ni ilẹ̀ ń di. Pápá tí bàbá ti gbá bọ́ọ̀lù nígbà èwe rẹ̀ ti di ilé alájà mẹ́ta kí ọmọ rẹ̀ tó mọ ìrìn rìn. Síbẹ̀, ohun kan wà nínú ìyà yìí tí àwọn tí ó mọ eré ìdárayá dunjú kì í fojú tẹ́ńbẹ́lú. Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ ẹsẹ̀, ẹ̀kọ́ tí ilẹ̀ mìíràn kò lè kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀kọ́ náà ti rí gan-an ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń jẹ nínú oúnjẹ yìí láìmọ adùn rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ni ó ń gbà ìpalára nínú rẹ̀ láìmọ ìdí.

Kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ilẹ̀ ń ṣe sí bọ́ọ̀lù. Ohun mẹ́ta ni: ilẹ̀ ni ó ń sọ bí bọ́ọ̀lù yóò ti fò sókè tó nígbà tí ó bá já lulẹ̀, òun ni ó ń sọ bí yóò ti yí jìnnà tó kí ó tó dúró, òun náà ni ó sì ń sọ bóyá ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù yóò rí ibi tẹ̀ gbọin-gbọin tàbí yóò yọ̀. Àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù àgbáyé, èyí tí a ń pè ní FIFA, ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń dán pápá koríko àtọwọ́dá wò. Wọ́n á mú bọ́ọ̀lù lọ sókè ní mítà 2, wọ́n á jẹ́ kí ó já bọ́, wọ́n á sì wọn ibi tí ó fò padà dé. Bí kò bá tó 60 sẹ̀ǹtímítà, pápá náà ti rọ̀ jù; bí ó bá ju 100 sẹ̀ǹtímítà lọ, ó ti le jù. Ẹnikẹ́ni lè ṣe ìdánwò yìí ní ilé. Jẹ́ kí bọ́ọ̀lù tí afẹ́fẹ́ kún dáadáa já bọ́ láti ibi tí ó ga díẹ̀ ju orí àgbàlagbà lọ sórí kọnkéré, yóò fò kọjá àyà ọmọdé. Jù ú sórí yanrìn gbígbẹ láti ibi gíga kan náà, yóò dún “pọ̀ọ́”, yóò sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tí oorun gbé lọ. Bọ́ọ̀lù kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni ó sì jù ú, ilẹ̀ nìkan ni ó yàtọ̀.

Lórí títì ọlọ́dà àti lórí kọnkéré, bọ́ọ̀lù ń sáré. Ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí kò ní àyè láti ronú kí ó tó gbà á. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le gbagidi, bọ́ọ̀lù yóò ta kúrò lára rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀tá tàbí sínú gọ́tà. Nítorí náà ni ọmọ títì ṣe ń kọ́ láti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti fẹ́ kan ẹsẹ̀ náà, yóò fà á sẹ́yìn díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń fi ọwọ́ gba ẹyin tí a jù sí i. Ó tún ń kọ́ láti fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ kí ó sì fà á sọ́tùn-ún tàbí sósì, nítorí pé ilẹ̀ náà tẹ́jú, bọ́ọ̀lù sì ń gbọ́ràn. Ohun mìíràn tí títì ń kọ́ni ni láti dúró lórí ẹsẹ̀ ẹni. Lórí koríko, agbábọ́ọ̀lù lè fi ara rẹ̀ sọlẹ̀ láti gba bọ́ọ̀lù. Ẹni tí ó bá dán an wò lórí ọ̀dà, awọ orúnkún rẹ̀ yóò sọ fún un pé kò gbọ́n. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ títì a máa fi ojú ṣọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tá, a sì máa yọ bọ́ọ̀lù gbà láìṣubú.

Góòlù kékeré tí a ń pè ní mọ́ńkì póòsù náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Góòlù gidi fẹ̀ ní mítà 7.32, ó sì ga ní mítà 2.44, ti òpópónà kì í ju ìgbésẹ̀ méjì lọ, kò sì sí aṣọ́lé níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbá ayò wọlé kò lè fi agbára lásán ṣe é. Ó níláti sún mọ́ ọn, kí ó sì fi ojú wọn ọ̀nà. Títí di ọdún 2016 tí ìjọba Èkó fi òpin sí òfin ìdádúró ìrìnnà ní ọjọ́ ìmọ́tótó, aago 7 sí aago 10 òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó kẹ́yìn oṣù ni àjọ̀dún àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn, àwọn àgbà ń gbálẹ̀ ojúlé wọn, àwọn ọ̀dọ́ a sì gba títì ńlá kan bí ẹni pé baba wọn ni ó là á. A kò lè sọ pé ìmọ́tótó ni wọ́n ṣe.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni a ti mọ ìwúlò ilẹ̀ líle. Ní ọdún 1930, olùkọ́ eré ìdárayá kan, Juan Carlos Ceriani, ní ìlú Montevideo ní ilẹ̀ Uruguay, ṣe ètò bọ́ọ̀lù ẹlẹ́ni-márùn-ún tí a lè gbá lórí ilẹ̀ líle inú ilé. Eré náà ni ó di ohun tí a ń pè ní futsal lónìí. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kéré ju ti pápá lọ, a sì ṣe é kí ó má fò púpọ̀, kí àwọn tí ń gbá a lè máa fi ẹsẹ̀ darí rẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ará Bùràsíìlì gbà á mọ́ra gidigidi. Ronaldinho àti Neymar, tí gbogbo ayé mọ̀, gbá a ní kékeré kí wọ́n tó dé orí pápá ńlá.

Yanrìn ni ilẹ̀ kejì, òun sì ni ó yẹ kí a dúró lé lórí jù, nítorí pé òun ni ó ń fi ìyà jẹ ẹsẹ̀ jù, tí ó sì ń fún un ní èrè jù. Nígbà tí ènìyàn bá ń sáré lórí ilẹ̀ líle, ilẹ̀ náà kò yẹ̀. Gbogbo agbára tí ó fi ti ilẹ̀ ni ilẹ̀ fi ń tì í síwájú. Ṣùgbọ́n yanrìn a máa yẹ̀ sí ẹ̀yìn, a sì máa rì, a sì máa gbé nínú agbára ẹni mì. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wọn èyí, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1998: ẹni tí ó bá ń sáré lórí yanrìn yóò ná agbára tí ó tó ìlọ́po 1.6 ti ẹni tí ń sáré bákan náà lórí ilẹ̀ líle. Ìrìn lásán tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lé ní ìlọ́po 2. Ìdí nìyí tí ọmọ tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún wákàtí kan lórí yanrìn ṣe ń rẹ̀ bí ẹni tí ó ro oko láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Ara tí ó bá ti mọ́ irú lílò bẹ́ẹ̀, bí ó bá dé orí koríko, yóò dà bí ara ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yanrìn kò tán síbi agbára. Níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ kò ti rí ibi tí ó dúró déédéé, àwọn iṣan kéékèèké tí ó yí kókósẹ̀ ká, tí wọn kì í ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, níláti jí dìde kí wọ́n sì máa tún ara ṣe ní gbogbo ìgbà kí ènìyàn má bàa ṣubú. Àwọn iṣan wọ̀nyí ni ó ń gba ẹsẹ̀ là ní ọjọ́ tí ènìyàn bá tẹ kòtò lójijì. Bẹ́ẹ̀ ni bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kò ṣeé yí lórí yanrìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò níláti tì í. Ó níláti fi ọmọ-ìka ẹsẹ̀ gbé e láti abẹ́, kí ó fò. Ẹni tí ń gbà á náà kò ní dúró dè é kí ó balẹ̀, nítorí pé bí ó bá balẹ̀, ó ti kú nìyẹn. Àyà, itan, orí, ni yóò fi gbà á. Láti ibẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù tí ó wà lófurufú, ohun tí ẹlòmíràn kì í mọ̀ títí tí ó fi di géńdé.

Ọgbọ́n yìí ti di eré kan lọ́tọ̀. A ń gbá bọ́ọ̀lù etí òkun lórí yanrìn pẹ̀lú ẹni márùn-ún ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, láìwọ bàtà, ní ìpele mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 12. Nàìjíríà kò kẹ́yìn nínú rẹ̀: ní ọdún 2007 àti ọdún 2009, àwọn agbábọ́ọ̀lù etí òkun wa ni ó gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà. Kò yani lẹ́nu fún ẹni tí ó bá mọ Èkó, ìlú tí yanrìn àti omi ti pàdé.

Ṣùgbọ́n yanrìn ní àbùkù tirẹ̀. Ó ń mú kí ìgbésẹ̀ ọmọ lọ́ra, kí ó sì máa gbé ẹsẹ̀ sókè jù. Ẹni tí kò bá gbá bọ́ọ̀lù níbòmíràn yóò dé orí ilẹ̀ líle, yóò rí i pé bọ́ọ̀lù ti kọjá lọ kí òun tó gbé ẹsẹ̀. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó gbọ́n kì í fi yanrìn ṣe ojoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ní ọ̀sẹ̀ ti tó, kí iṣan gìgísẹ̀ má bàa ro ọmọ jù.

Ilẹ̀ pupa tí òkúta àti kòtò wà lórí rẹ̀ ń kọ́ ojú ju ẹsẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí bọ́ọ̀lù yóò fò sí. Ó lè máa bọ̀ tààrà, kí ó kọ òkúta kékeré kan, kí ó sì yà sí ọ̀tún. Ọmọ tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ pẹ́ kì í gbé ojú kúrò lára bọ́ọ̀lù títí yóò fi kàn án lẹ́sẹ̀. Kì í sì í dúró gbagidi, ńṣe ni ó máa ń tẹ orúnkún díẹ̀, tí ó ń gbé ẹsẹ̀ kéékèèké, kí ó lè yà sí ibikíbi. Ìdúró yìí gan-an ni àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ìlú òyìnbó fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ àwọn ọmọ tí ó dàgbà lórí pápá dídán.

Nígbà òjò, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹrẹ̀ a máa di bọ́ọ̀lù mú níbi kan, omi a sì máa gbé e lọ níbòmíràn. Ẹni tí ó bá sáré pẹ̀lú ìgbésẹ̀ gígùn yóò ṣubú. Ẹni tí ó bá fẹ́ yà lójijì yóò ṣubú. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń gé ìgbésẹ̀ wọn kúrú, wọ́n ń gbé ara wọn dúró sí àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì ń yára fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ dípò kí wọ́n máa gbé e kiri. Bàtà náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ níhìn-ín. Ní ọdún 1949, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ ọkọ̀ ojú omi láti Èkó. Etim Henshaw ni balógun wọn, Tesilimi Balógun tí a ń pè ní “Thunder” sì wà láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wọ bàtà rárá lórí pápá, nítorí pé bí wọ́n ti ń gbá a nílé nìyẹn. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi bá ẹgbẹ́ Marine ní Crosby, lẹ́bàá Liverpool, gbá, wọ́n sì fi ayò 5 sí 2 borí. Àwọn òyìnbó tí ó wá wòran lanu sílẹ̀. Ẹsẹ̀ tí kò ní bàtà ń mọ bọ́ọ̀lù bí ọwọ́ ti ń mọ owó; ó ń mọ ibi tí ó rọ̀ àti ibi tí ó le. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí yóò mú irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ dúró lórí koríko tí òjò ti rẹ, níbi tí ẹni tí ó wọ bàtà tí ó ní kókó lábẹ́ ti ń di ilẹ̀ mú. Balógun padà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà, ó sì wọ ẹgbẹ́ Queens Park Rangers ní ọdún 1956. Òun ni a fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré tí ó wà ní Sùúrùlérè.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé ilẹ̀ lè pinnu ẹni tí yóò gba ife, kí ó rántí ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1954, ní ìlú Bern ní ilẹ̀ Switzerland. Ìwọ̀-oòrùn Jámánì àti Hungary ni ó pàdé nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Àwọn ará Hungary ti fi ayò 8 sí 3 na àwọn ará Jámánì ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, wọ́n sì tún ti gbá ayò 2 wọlé kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ tó pé. Òjò ń rọ̀, ilẹ̀ sì di ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n Adi Dassler, tí ó ń ṣe bàtà fún àwọn ará Jámánì, ti ṣe kókó abẹ́ bàtà tí a lè yọ kí a sì fi èyí tí ó gùn rọ́pò rẹ̀. Wọ́n fi àwọn gígùn sí i, ẹsẹ̀ wọn di ilẹ̀ mú, wọ́n sì fi ayò 3 sí 2 borí. Kì í ṣe bàtà nìkan ni ó ṣe é, a gbọdọ̀ sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó ti ronú nípa ilẹ̀ kí ó tó dé orí rẹ̀ ni ó gba ife.

Nípa koríko, kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ. Òun ni a dá eré náà sílẹ̀ fún, òun ni ó sì rọ ara lọ́rùn jù. Koríko àtọwọ́dá, irú èyí tí ó wà ní pápá ìṣeré Agége tí kò jìnnà sí Alímọ̀ṣọ́, wà láàárín koríko gidi àti ilẹ̀ líle: bọ́ọ̀lù ń sáré lórí rẹ̀, kì í yà kiri, ṣùgbọ́n ó ń gbóná nígbà oòrùn, ó sì ń di bàtà mú jù nígbà mìíràn, tí ẹsẹ̀ yóò dúró tí orúnkún yóò sì fẹ́ yí.

Ìbéèrè kan kù. Kí ni ìdí rẹ̀ tí àdàlú ilẹ̀ fi ń kọ́ni ju ilẹ̀ kan ṣoṣo lọ? Ǹjẹ́ kì í ṣe pé ohun tí a bá ṣe léraléra ní ọ̀nà kan ni a máa mọ̀ jù? Ó jọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdánwò kan tí a tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1978 fi ohun mìíràn hàn. Wọ́n pín àwọn ọmọ ọlọ́dún 8 sí ọ̀nà méjì, wọ́n sì ní kí wọ́n máa ju àpò kékeré tí a rọ ẹ̀wà sí sí ojú àmì kan. Apá kan ń jù ú láti ibi tí ó jìnnà sí àmì ní ẹsẹ̀ bàtà 3, láìyí i padà. Apá kejì ń jù ú láti ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ẹsẹ̀ bàtà 4, wọn kò sì fọwọ́ kan 3 rárá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, wọ́n ní kí gbogbo wọn jù ú láti ẹsẹ̀ bàtà 3. Àwọn tí kò dán an wò rí láti ibẹ̀ ni ó ṣe dáadáa jù! Kì í ṣe gbogbo ìdánwò tí a ti ṣe lẹ́yìn náà ni èsì rẹ̀ rí bákan náà, pàápàá láàárín àwọn àgbàlagbà. Síbẹ̀ ìtumọ̀ rẹ̀ fún ọmọdé hàn gbangba. Ẹni tí ó ń ṣe ohun kan ní ọ̀nà kan ń há ohun náà sórí. Ẹni tí ó ń ṣe é ní ọ̀nà púpọ̀ ń kọ́ bí agbára àti jíjìnnà ti bá ara wọn tan, ó sì lè fi ìmọ̀ yẹn dé ibi tí kò dé rí. Bí ọ̀rọ̀ ìṣirò ni: ọmọ tí ó há ìdáhùn sórí àti ọmọ tí ó mọ ọ̀nà rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ní ọjọ́ ìdánwò.

Àwọn ará ilẹ̀ olótùútù mọ èyí nínú eré tiwọn. Wọ́n ní eré kan tí a ń so pátákó gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀, tí a sì ń yọ̀ lórí yìnyín láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀. Yìnyín kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí ó le bí dígí ń kọ́ ẹni tí ń yọ̀ láti fi etí pátákó gé ilẹ̀. Èyí tí ó rọ̀ bí òwú ń kọ́ ọ láti pín ìwúwo ara rẹ̀ sí ẹsẹ̀ méjèèjì lọ́gbọọgba. Èyí tí ó rí gúlegùle ń kọ́ orúnkún rẹ̀ láti máa ká kí ó sì máa nà. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀kan nínú wọn nìkan, òkè tí ó tẹ̀lé e ni yóò dójú tì í. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti dé ibẹ̀ pàápàá. Ní ọdún 2018, Ṣeun Adígún, tí ó ti sáré tí ó ń fo igi ìdènà fún Nàìjíríà ní London ní ọdún 2012, lọ sí Ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ní ilẹ̀ Kòríà pẹ̀lú Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga nínú eré ọkọ̀ orí yìnyín. Ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, níbi tí yìnyín kò sí, ọkọ̀ tí ó fi pákó kàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò, tí wọ́n ń tì í lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ní ọdún 2022, Samuel Ikpefan fi pátákó sáré lórí yìnyín fún Nàìjíríà ní Beijing. Sáré tí Adígún ti sá lórí ilẹ̀ gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún kò ṣòfò. Òun ni ó fi ń ti ọkọ̀ náà kí wọ́n tó fò wọ inú rẹ̀.

A kò gbọdọ̀ fi èyí tan ọmọ kankan jẹ pé òpópónà ti tó. Ohun mẹ́ta wà tí títì àti yanrìn kò lè kọ́ni. Èkíní ni àyè: pápá gidi gùn tó mítà 90 sí 120, ẹni tí ó sì dàgbà láàárín gọ́tà méjì kì í mọ bí a ti ń fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn tàbí bí a ti ń sáré nígbà tí bọ́ọ̀lù kò sí lẹ́sẹ̀ ẹni. Èkejì ni òfin ọ́fúsáìdì, tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí ní mọ́ńkì póòsù. Ẹ̀kẹta ni bàtà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó já fáfá ni a ti dá padà nílé ìdánwò àwọn ẹgbẹ́ ńlá, kì í ṣe nítorí pé wọn kò mọ bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n nítorí pé ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ wọ bàtà ìgbábọ́ọ̀lù, tí wọ́n sì ń rìn nínú rẹ̀ bí adìẹ tí a so lókùn lẹ́sẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè má tún rí ààyè mìíràn láé. Victor Osimhen, tí ó dàgbà ní Olúsósun ní Èkó, rí ààyè tirẹ̀: ó gbá ayò 10 wọlé nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ní Chile ní ọdún 2015, a sì yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tí ó tayọ jù ní Áfíríkà fún ọdún 2023. Asisat Oshoala, ọmọbìnrin Ìkòròdú tí ó bá àwọn ọmọkùnrin gbá bọ́ọ̀lù ní àdúgbò, ti gba irú oyè bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn obìnrin ní ẹ̀ẹ̀mẹfà.

Nítorí náà ni ó ṣe ṣe pàtàkì pé kí àwọn ìwọ̀nba pápá tí ó ṣẹ́ kù ní Alímọ̀ṣọ́, nínú ọgbà ilé-ìwé àti níbòmíràn, má di ilé àti ṣọ́ọ̀bù tán. Bí wọ́n bá lọ, títì nìkan ni yóò kù, ọmọ tí títì nìkan bá sì kọ́ kò yàtọ̀ sí ọmọ tí pápá dídán nìkan kọ́: ilẹ̀ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì mọ̀. Títì ní ewu mìíràn pẹ̀lú. Ọkọ̀ ń bọ̀ láìròtẹ́lẹ̀, egungun ojúgun tí ń lu ilẹ̀ líle lójoojúmọ́ a sì máa bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọmọ. Ìrora tí kò lọ lẹ́yìn ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta kì í ṣe ohun tí a ń fi okun ṣẹ́gun. Ilé ìwòsàn ni a ń gbé e lọ.

Ẹni tí ó bá ní àyè láti yàn lè fi ọgbọ́n pín ọ̀sẹ̀ rẹ̀: ọjọ́ kan fún yanrìn, ọjọ́ méjì fún ilẹ̀ líle pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kékeré, ọjọ́ méjì fún pápá pẹ̀lú bàtà, kí ó sì sinmi ní ọjọ́ tí ó kù. Bí ó bá sì dé pápá tí kò mọ̀ rí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó láti bá ilẹ̀ náà sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù a máa rìn yí i ká kí wọ́n tó wọ aṣọ eré. Wọ́n á fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó rì. Wọ́n á ju bọ́ọ̀lù sókè, wọ́n á wo ibi tí ó fò dé. Wọ́n á yí i lọ sí ìgun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti mọ ibi tí omi dúró sí àti ibi tí koríko ti gùn, aṣọ́lé á sì wo iwájú góòlù rẹ̀ ní àwòfín, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti máa ń gbẹ́ kòtò jù.